Iṣẹ́ Tí Ara Ń Ṣe Nígbà Tí A Bá Jókòó Jẹ́ẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbéèrè kan ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ lónìí: bí ìlú bá dákẹ́, ṣé dandan ni kí ara àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ dákẹ́ pẹ̀lú?

Àwa tí a wà ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kò ní láti lọ jìnnà kí a tó dáhùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, nígbà tí rògbòdìyàn orí ilẹ̀ le, Gómìnà Ademola Adeleke kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Èrìn-Ọ̀ṣun. Títì dá páropáro. Bó bá jẹ́ pé àìṣe nǹkan kan ni à ń pè ní ìsinmi, gbogbo ilé ì bá ti sinmi dáadáa nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn òbí yín léèrè bí wọ́n ṣe sùn. Ọwọ́ dilẹ̀ lóòótọ́, àyà ò dilẹ̀. Ìró ilẹ̀kùn lásán tó láti mú èèyàn fò dìde.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ìyá kan jókòó sábẹ́ igi, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró láti àárọ̀, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ rọ̀, èémí rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tilẹ̀ ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ta ló ń sinmi nínú àwọn méjèèjì: ẹni tó jókòó lásán tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, àbí ìyá ẹlẹ́gùúsí?

Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí nìyí: ìdákẹ́jẹ́ kì í dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá tán. Iṣẹ́ ni òun fúnra rẹ̀. Ara ní iṣan tó ń ṣe é, a sì lè rán iṣan náà níṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá dí gan-an.

Mo fi ẹ̀kọ́ yìí sí ìgbà àkọ́rọ̀ òjò nítorí pé ìgbà náà ni kò sẹ́ni tó ráyè láàárín wa. Àgbàdo fẹ́ wọlẹ̀, koríko ti gba ìdí ebè, ìdánwò WAEC náà sì ti dé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń ti oko bọ̀ síléèwé, ẹ ń ti iléèwé lọ sí ìsọ̀ ìyá yín, ẹ sì ń fi òru kàwé. Gbólóhùn kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo yín: "Ó di ẹ̀yìn ìdánwò kí n tó sinmi." Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ara gbà bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ Ka Ìlùkìkì Ọkàn Yín

A kò nílò yàrá ìwádìí. Ìka méjì àti aago ti tó. Ẹ fi ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín lé ọrùn ọwọ́ kejì, ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé nǹkan ń lù lábẹ́ awọ. Ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò kà á, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń lù, yóò da kíkà yín rú. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ wá ìlọ́po méjì rẹ̀. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń rí 60 sí 100 nínú ìṣẹ́jú kan. Tọmọdé lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wá sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún un kà. Yóò ti lọ sókè. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹ jókòó.

Apá kẹta ni kókó àyẹ̀wò wa. Ẹ fi imú fa èémí sínú, kí ẹ máa kà á lọ́kàn láti 1 dé 4. Ẹ rọra tú u síta, kí ẹ ka 1 dé 6. Bí kíkà kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni ẹ ó mí nínú ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó wà ní ìsinmi máa ń mí nǹkan bí ìgbà 12 sí 20. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú 5, kí ìka yín sì wà lórí iṣan. Bí òòyì bá kọ́ ẹnikẹ́ni, kó dáwọ́ dúró, kó mí bó ṣe máa ń mí.

Kí lẹ rí? Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ìlù náà ń yára díẹ̀ nígbà tí èémí ń wọlé, ó sì ń falẹ̀ nígbà tó ń jáde. Ẹ má bẹ̀rù, àmì ìlera ni, ara àwọn ọ̀dọ́ ló sì ti máa ń hàn jù.

Ta Ló Yọ 30 Kúrò?

Ọkàn kì í dúró de ọpọlọ kó tó lù. Ní òkè rẹ̀ lápá ọ̀tún, àkójọ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tó ń dá ìlù náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá gé gbogbo iṣan tó so ọkàn mọ́ ọpọlọ, ọkàn yóò ṣì máa lù, nǹkan bí ìgbà 100 nínú ìṣẹ́jú kan. A rí èyí lára àwọn tí dókítà fi ọkàn ẹlòmíràn rọ́pò tiwọn. Iṣẹ́ abẹ náà máa ń gé àwọn iṣan wọ̀nyẹn, ìdí nìyẹn tí ọkàn tuntun náà fi sábà máa ń lù ní bíi 90 sí 110, kódà nígbà tí ẹni náà bá jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ wá wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ. Ká ní 70 ni. Ọkàn fúnra rẹ̀ fẹ́ lu 100, 70 ló lù. Ta ló yọ 30 kúrò?

Iṣan kan ni, orúkọ rẹ̀ ni vagus. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ó gba ọrùn sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó kan ọkàn, ó kan ẹ̀dọ̀fóró, ó dé ikùn àti ìfun. Nígbà tí ara bá balẹ̀, vagus ló ń sọ fún ọkàn pé kó rọra. Bí èémí bá ń wọlé, ìtọ́ni rẹ̀ a dín kù. Bí èémí bá ń jáde, á tún le sí i. Ohun tí ìka yín rí nìyẹn. Ìdí tí a sì fi jẹ́ kí èémí àjáde gùn ju àwọlé lọ nìyẹn: a ń fún vagus láyè púpọ̀ sí i láti ṣiṣẹ́.

Vagus ní alátakò. Àwọn iṣan mìíràn ń ti ara ọ̀pá ẹ̀yìn jáde, iṣẹ́ tiwọn ni láti múra ara sílẹ̀ fún wàhálà. Wọ́n ń mú ọkàn yára, wọ́n sì ń pe ẹṣẹ́ méjì tó jókòó sórí kíndìnrín kí wọ́n tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà sílẹ̀, oúnjẹ inú ikùn á dúró ná. Walter Cannon, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1915. Ètò rere ni: òun ló ń mú àgbẹ̀ fò sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ejò kó tó ronú. Cortisol ló ń tẹ̀ lé adrenaline jáde láti orí kíndìnrín kan náà. Adrenaline kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó o. Ti cortisol yàtọ̀, ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò.

Ìdáhùn ìbéèrè wa àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ yẹn. Lásìkò kónílé-ó-gbélé, ẹsẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ń ké sí àwọn ẹṣẹ́ náà léraléra. Kí ti àárọ̀ tó lọ tán, tọ̀sán ti dé. Ìyá ẹlẹ́gùúsí ní tirẹ̀ ń lo ọwọ́, vagus rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ lọ. Másùnmáwo ìdánwò náà ń gba ọ̀nà kan náà wọlé, bí ejò kankan ò tiẹ̀ sí nínú kíláàsì.

Ẹ lọ wo àwọn àyàn Èrìn-Ọ̀ṣun, aládùúgbò wa, nígbà tí wọ́n bá gbé dùndún kọ́ èjìká. Bí apá bá fún okùn awọ mọ́ra, ohùn ìlù á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Fífún àti dídẹ̀ ló pa pọ̀ di ọ̀rọ̀. Dùndún tí wọ́n fún mọ́ra láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè kí ọba, kò lè ki oríkì, igbe kan náà ni yóò máa ké. Kí ẹ sì ṣàkíyèsí pé ìlù kì í dẹ̀ fúnra rẹ̀. Apá onílù ló ń dẹ̀ ẹ́, àárín eré ló sì ti ń dẹ̀ ẹ́, kò dúró dìgbà tí òde bá tú.

Ọkàn Àkèré Méjì

Báwo la ṣe mọ̀ pé vagus ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọkàn? Otto Loewi ló fi hàn, ní ìlú Graz, lórílẹ̀-èdè Austria. Láyé ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá iná mànàmáná ni iṣan fi ń bá ọkàn sọ̀rọ̀ ni tàbí èròjà kan. Ó ti pẹ́ tí Loewi ti ń fura pé èròjà ni, ṣùgbọ́n kò mọ bí yóò ṣe fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ó ta jí, ó kọ nǹkan sórí bébà, ó tún sùn. Ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tó kọ. Lóru ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, èrò náà tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò wá bébà kiri. Ó dìde, ó gba yàrá ìwádìí lọ.

Ó mú ọkàn àkèré méjì tó ṣì ń lù sínú omi oníyọ̀. Ó fi iná díẹ̀ ta iṣan vagus ti àkọ́kọ́, ọkàn náà sì falẹ̀. Ó wá bu nínú omi tí ọkàn yẹn wà, ó dà á sí ọkàn kejì, èyí tó ti yọ iṣan tirẹ̀ kúrò. Òun náà falẹ̀. Èròjà kan ti jáde láti ìdí iṣan bọ́ sínú omi. Ọdún 1921 ló tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde. Acetylcholine ni a mọ èròjà náà sí lónìí, òun àti Henry Dale sì jọ gba Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1936.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tú èémí síta tí ọkàn yín falẹ̀, ara yín ló tú èròjà kan jáde láti mú un falẹ̀. Kò sí ohun tó "dúró". Kí ẹ sì rí i pé ojú oorun ni olùwádìí náà ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Oorun kò fún un ní ohun tí kò kọ́ rí. Ó bá a to ohun tó ti kọ́ fún ọdún pípẹ́.

Ọpọlọ Náà Kì Í Tilẹ̀kùn

Ọpọlọ kò ju bíi 2 nínú 100 ìwọ̀n ara àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ bíi 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi. Bí ẹ bá pa ojú dé, ohun tó ń jẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín. Lọ́dún 2001, Marcus Raichle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe àwọn apá ọpọlọ kan tó máa ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí a kò bá dojú kọ iṣẹ́ kankan, tí wọ́n á sì rọlẹ̀ nígbà tí a bá gbájú mọ́ nǹkan. Àwọn apá yìí ló ń lọ́wọ́ nínú ríronú kan ohun tó ti kọjá, ohun tó ń bọ̀, àti irú ẹni tí a jẹ́. Ẹni tí kò ráyè fún ara rẹ̀ rárá ń fi iṣẹ́ yẹn dù wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé fún ìdánwò, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Lọ́dún 2012, Michaela Dewar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh sọ ìtàn kúkúrú fún àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Lẹ́yìn ìtàn kan, wọ́n ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn, láìsùn, fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn ìtàn kejì, wọ́n fún wọn ní eré ìdárayá ojú kan ṣe fún ìṣẹ́jú 10 náà. Ìtàn tí wọ́n jókòó lé lórí ni wọ́n rántí jù, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 7. Ti oorun ti pẹ́ ju ìyẹn lọ: láti ọdún 1924 ni Jenkins àti Dallenbach ti fi hàn ní Cornell pé ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí tó sì lọ sùn rántí ju ẹni tó há a sórí tó sì ń bá wàhálà ojúmọ́ kiri lọ.

Nílé wa níbí ńkọ́? Lọ́dún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àìsàn kan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní brain fag. Orí á máa gbóná, nǹkan á máa rìn nínú rẹ̀, ojú á máa ṣe bàìbàì, ìwé tí wọ́n ń kà kò ní wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morakinyo ní Ilé-Ifẹ̀ so ó mọ́ ìtara láti yege, àìsùn, àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti fi lé oorun.

Obì, Iná àti Òru

Kí ni ohun tó ń lé oorun yẹn ń ṣe? Bí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Òun ló ń mú oorun kun èèyàn. Obì, ì báà jẹ́ gbànja tàbí àbàtà, ní caffeine nínú, bíi kọfí àti tíì. Caffeine á lọ jókòó sí àyè adenosine lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Adenosine kò lọ síbì kankan, ó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Àárẹ̀ wà níbẹ̀, a kàn dí ojú rẹ̀ ni. Nínú ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì caffeine tó lọ. Ẹni tó bá jẹ obì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ní aago méjì òru.

Iná ni èkejì. Ọpọlọ ní aago tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló sì ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Iṣẹ́ lórí bí aago yìí ṣe ń rìn nínú sẹ́ẹ̀lì ló gba Ẹ̀bùn Nobel ọdún 2017 fún Hall, Rosbash àti Young. Àwa níbí ní àǹfààní tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò ní. Ojúmọ́ tiwọn máa ń gùn ju wákàtí 16 lọ ní oṣù kẹfà, kì í sì í pé 8 ní ìparí ọdún. Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù nínú ọdún kò pé wákàtí kan. Oòrùn wa kì í yẹ àdéhùn. Fóònù tí à ń tẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́ ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ kò tí ì ṣú, tí melatonin, èròjà òru, fi ń pẹ́ kó tó jáde. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Àgbàlagbà nílò 7, ó kéré tán.

Ibo Ni A Ó Ti Rí Àyè?

Àwọn baba wa kò fi ìsinmi sílẹ̀ de ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti àtijọ́, òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní Ìfọ́n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n aláṣọ funfun, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kì í dúró kí ebè tán kó tó pé. Jímọ̀ kì í dúró, ọjọ́ Ìsinmi kì í dúró, ìrun márùn-ún kì í dúró. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí a bá ti dá àkókò fún ló ń rí àyè.

Èyí tilẹ̀ bá ìwádìí mu. Lọ́dún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì wọn èémí àwọn tó ń ka àdúrà rosary ní èdè Látìn, àti ti àwọn tó ń pe ọ̀rọ̀ ìṣàrò àwọn ará Íńdíà. Àwọn méjèèjì mú èémí rọ̀ dé bíi mẹ́fà nínú ìṣẹ́jú kan, iye kan náà tí a lò nínú àyẹ̀wò wa. Ẹni tó bá ń sáré ka àdúrà kó lè tètè dé oko ti fi àǹfààní yìí sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú ibi mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù láàárọ̀, ẹ mí bí a ṣe kọ́ ọ fún ìṣẹ́jú 5. Ìkejì, nígbà tí ẹ bá wọ abà lọ́sàn-án, ẹ jókòó kí ẹ tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó kù. Ìkẹta, bí ẹ bá ka orí ìwé kan tán, ẹ pa á dé, ẹ pa ojú dé fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó ṣí òmíràn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dín gààrì, àárín kí ẹ gbé ìkan kúrò nínú agbada kí ẹ sì da òmíràn sí i ti tó fún èémí mẹ́fà. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá bá ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ìwé tó pa ojú dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì láìnídìí, tí oorun ti fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lọ rí àwọn elétò ìlera. Èémí kò rọ́pò oògùn.

Iṣẹ́ Àṣetiléwá

Fún ọjọ́ 7, ẹ ka ìlùkìkì ọkàn yín lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: nígbà tí ẹ bá jí, nígbà tí ẹ bá ti oko tàbí ọjà dé, àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 tí ẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ fi ìlà pín ìwé sí mẹ́ta, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ dáhùn ìbéèrè yìí: ọjọ́ wo ni nọ́ńbà kẹta kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ méjèèje, kó wá rí mi kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.